Igi Tó Bọ́ Láàárín Wa

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò pé ogún ọdún, mẹ́sàn-án péré ni. N kò tilẹ̀ fi ẹnu pa á. Dídákẹ́ ni mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ ń ka ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ náà lè purọ́. Ọ̀rọ̀ eré ìje ni mo fẹ́ bá yín sọ: ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì tó ń bá ara wọn díje, àti igi kékeré kan tó bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn.

Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Àwọn Hausa ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìlú tuntun. Láyé òyìnbó, ibẹ̀ ni wọ́n fi àwọn ará Gúúsù sí, àwọn tó bá ọkọ̀ ojú irin, òwò àti iṣẹ́ ìjọba wá sí Òkè Ọya. Bàbá mi àgbà ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbẹ̀, kò sì padà mọ́. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí a ń gbé, Yorùbá ni a ń sọ nínú yàrá, Hausa ni a ń sọ ní ẹnu ọ̀nà, ti Gẹ̀ẹ́sì sì di ti ilé-ìwé. Bí a bá lọ sílé fún ọdún, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi a máa pè wá ní Gàm̀bàrí. Bí a bá padà dé Zaria, àwọn ọmọ Hausa a máa pè wá ní Yarbawa. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa nínú ilé kan náà, ju ọ̀rẹ́ lọ ni.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Ọ̀ffà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀ ń ta epo pupa, Ìyá Elépo sì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Oṣù méjì péré ló fi jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé oṣù méjì ọ̀hún láéláé. Ta ni yóò kọ́kọ́ pọn omi dé láti ẹ̀rọ? Ta ni yóò kọ́kọ́ jẹ kosai rẹ̀ tán láàárọ̀? Ta ni yóò kọ́kọ́ dé ìta PZ bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́? Òun ló máa ń borí mi nínú ohun tó bá jẹ mọ́ ẹsẹ̀, èmi ló máa ń borí rẹ̀ nínú ohun tó bá jẹ mọ́ ìwé. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ fìyà jẹ ọ̀kan nínú wa, àwa méjèèjì ni yóò bá jà.

Ní nǹkan bí ọdún 2010, mo fi owó ọdún mi ra síídì kan ní ọjà Sabon Gari. Àwòrán ọkọ̀ tó wà lára páálí rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú. Fíìmù kàtúùnù ni, àpèjẹ́ rẹ̀ ni Hot Wheels AcceleRacers. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé e jáde ní òkè òkun, apá mẹ́rin ló sì ní. Gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná wá ni àwa méjèèjì máa ń wà níwájú tẹlifíṣọ̀n Ìyá Elépo, tí òórùn epo yóò máa ta sí wa nímú, tí a óò máa wo ohun kan náà ní àwòtúnwò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí i, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ awakọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Teku ni ti àkọ́kọ́: ọkọ̀ ìgbàlódé, ọkọ̀ dídán tó kún fún ẹ̀rọ, tí orin ń dún nínú rẹ̀. Metal Maniacs ni ti èkejì: ọkọ̀ ńlá aláriwo, irin líle, agbára pọ́ńbélé. Ẹgbẹ́ méjèèjì kórìíra ara wọn. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Dókítà Tezla ló kó wọn jọ, nítorí ọ̀tá kan wà tó ju gbogbo wọn lọ: àwọn awakọ̀ tí kì í ṣe ènìyàn, ẹ̀rọ ni wọ́n, Gelorum sì ni olórí wọn. Wọ́n ní láti sá eré ìje nínú oríṣiríṣi ayé àjèjì, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé òpin ni yóò gba agbára tó wà níbẹ̀. Bí Teku àti Metal Maniacs bá ń dí ara wọn lọ́nà, ẹ̀rọ ni yóò borí. Ọ̀rọ̀ náà kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ apá mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń gbìyànjú láti kọ́ ọ.

Nolo Pasaro ni aṣíwájú Teku, Tork Maddox sì ni ti Metal Maniacs. Ẹ̀gbọ́n Nolo kú nínú eré ìje kan tó bá Tork sá, Nolo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru Tork. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Wọn a máa sáré ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn a máa gba ara wọn lọ́wọ́ ikú, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun.

Ọ̀rẹ́ mi ló sọ ara rẹ̀ ní Tork, nítorí ó fẹ́ràn ọkọ̀ aláriwo. Ó sọ mí ní Nolo. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe ara wa bẹ́ẹ̀, débi pé ìyá mi pàápàá ń bi mí pé, "Tọ́ọ̀kì dà?" Ẹ jọ̀wọ́, orúkọ yẹn náà ni n óò máa pè é nínú ìtàn yìí.

Kí n tó lọ sí ọjọ́ tí igi bọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ti bàbá mi. Bàbá mi fẹ́ràn eré sísá ju bọ́ọ̀lù lọ. Ìtàn kan wà tí kì í sú u: ti ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2000, ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney. Alẹ́ ni lọ́hùn-ún, àárọ̀ Sátidé sì ni lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kún inú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí PZ, Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti àwọn ará Gúúsù Kaduna. Ẹ rántí pé ọdún yẹn ni ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Kaduna, ní oṣù kejì, ó sì tún bẹ́ ní oṣù karùn-ún. Àwọn ènìyàn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ara wọn mọ́. Eré rílè ti ọ̀nà irinwó mítà, ẹni mẹ́rin-mẹ́rin, ni wọ́n ń wò. Clement Chukwu gbé igi fún Jude Monye, Monye gbé e fún Sunday Bada, Bada gbé e fún Enefiok Udo-Obong. Amẹ́ríkà ló ṣáájú. Nàìjíríà ṣe ipò kejì ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 58.68. Jàmáíkà tó ṣe ìkẹta lo 2:58.78. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà láàárín wọn. Bàbá mi ní nígbà tí Udo-Obong gbé àyà lé ìlà, òun ṣàdédé rí i pé òun ti di ọkùnrin kan tí òun kò mọ̀ rí mọ́ra.

"Ìwọ wò ó," bàbá mi a máa wí, "Chukwu, Monye, Bada, Udo-Obong. Àti àwọn méjì tó sáré ṣáájú ọjọ́ àṣekágbá, Awazie àti Gadzama. Ta ni nínú wọn tó lè sọ pé òun nìkan lòun ni ín?"

Ní ọdún 2016, a wà ní ilé-ìwé gíga kan náà, nínú ilé eré kan náà, Ilé Aláwọ̀ Ewé. Wọ́n yan àwa méjèèjì fún rílè ti ọgọ́rùn-ún mítà. Inú wa dùn títí tí olùkọ́ fi bi wá pé ta ni yóò kádìí eré. Gbogbo yín mọ̀ pé ẹni kẹrin ni àwọn ènìyàn máa ń rántí. Òun ló ń já okùn, òun ni wọ́n ń gbé lọ́rùn. Tork ní òun ni. Èmi náà ní èmi ni. Olùkọ́ ní kí a sáré kí òun wò ó. Tork fi ẹsẹ̀ kan jù mí lọ. Ó di ẹni kẹrin, èmi di ẹni kẹta. Mo rẹ́rìn-ín, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú mi kò mọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí igi ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Nínú rílè ti irinwó mítà, ó ti máa ń rẹ ẹni tó ń bọ̀, nítorí náà ẹni tó fẹ́ gba igi a máa wo ẹ̀yìn. Ti ọgọ́rùn-ún mítà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba igi kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn. Ó ti sàmì sílẹ̀. Bí ẹnìkejì rẹ̀ bá ti tẹ àmì yẹn, yóò bẹ̀rẹ̀ eré tagbára-tagbára. Bí ó bá gbọ́ igbe, yóò na ọwọ́ sẹ́yìn, yóò la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, yóò sì máa sáré lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni gbogbo rẹ̀. Ogún mítà ni àyè tí wọ́n ń fún wọn láti gba igi nígbà náà. Ìgbà tó yá ni àwọn aláṣẹ eré sísá àgbáyé sọ ọ́ di ọgbọ̀n. Bí ogún mítà bá tán tí igi kò tíì bọ́ sọ́wọ́, eré ti bàjẹ́.

Ọjọ́ eré pé. Ọyẹ́ ń mú, eruku bo pápá. Nígbà tí igi dé ọwọ́ mi, Ilé Pupa ló wà níwájú. Mo sáré bí mi ò ṣe sáré rí. Mo lé ọmọ Ilé Pupa bá, mo kọjá rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ mi, orúkọ mi gan-an, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í tilẹ̀ kí mi. Mo tẹ àmì. Tork gbéra. Mo ké, "Ọwọ́!" Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́.

N kò gbé igi náà lé e.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a pàdánù. Olúwa mọ̀ pé n kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí igi yẹn pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́wọ́ mi, kí àwọn tó ń pariwo lè rí i dájú pé èmi ni mo mú un dé iwájú, kí ẹlòmíràn tó gbà á lọ sí ibi ògo. Ìṣísẹ̀ méjì, bóyá mẹ́ta. Ìgbà tí mo wo ilẹ̀, ìlà ti súnmọ́. Mo sáré ti igi náà síwájú, ó gbá a ní ìka, ó fò sókè, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ilé Pupa kọjá. Ilé gbogbo kọjá.

Ọwọ́ Tork ni gbogbo ènìyàn rí i tí igi ti bọ́. Olùkọ́ sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé kò mọ igi dì mú. Àwọn ọmọ ilé wa sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Epo, nítorí òwò ìyá rẹ̀, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn títí a fi jáde. Nígbà tí wọ́n ń bú u, ó wò mí. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan bi mí léèrè, mo ní, "Ẹ ṣá ti rí i." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A kò jà. Ìbá sàn bí a bá jà, nítorí bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọ̀rẹ́ tòótọ́ rí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rẹ́ kì í kí ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. "Ẹ káàárọ̀" di "báwo ni", "báwo ni" di kí a mi orí. N kò gbọ́ kí ó pè mí ní Nolo mọ́. Nígbà tí a ṣe ìdánwò àṣejáde tán, Ìyá Elépo kó ẹrù padà sí Ọ̀ffà, Tork sì bá a lọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn kọjá Kwangila, mo wà nínú yàrá, mo ní mo ń kàwé.

Nínú fíìmù yẹn, Nolo ló di ẹ̀bi ru Tork. Nínú ìgbésí ayé wa náà, Nolo ló di ẹ̀bi ru Tork. Ọdún mélòó kan kọjá kí n tó rí i bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú mi rí i nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ wa fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn díje níbí, wọ́n sì ní kí n ṣètò àwọn tí yóò sá rílè. Mo lọ kàwé nípa rẹ̀, kí n má baà dójú tì yín. Ìgbà náà ni mo ka ti Barcelona, ní ọdún 1992. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọmọ Nàìjíríà méjì wà nínú àwọn mẹ́jọ tó sá àṣekágbá ọgọ́rùn-ún mítà: Olapade Adeniken àti Davidson Ezinwa. Adeniken ṣe ipò kẹfà, Ezinwa ṣe ipò kẹjọ. Ọjọ́ yẹn, olúkúlùkù ń sá tirẹ̀, kò sí èyí tó fẹ́ kí èkejì ṣáájú òun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré, àwọn méjì yìí náà tún pàdé lórí pápá kan náà, nínú rílè. Oluyemi Kayode ló bẹ̀rẹ̀, Chidi Imoh ló tẹ̀ lé e, Adeniken ni ẹni kẹta, Ezinwa ni ẹni kẹrin. Adeniken, tó ti sáré ju Ezinwa lọ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, ni ó gbé igi lé Ezinwa lọ́wọ́ kí ó lọ kádìí eré. Amẹ́ríkà gba góòlù. Nàìjíríà gba fàdákà ní ìṣẹ́jú àáyá 37.98, Kúbà sì gba idẹ ní 38.00. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan! Ẹ fojú inú wò ó pé Adeniken di igi yẹn mú fún ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n lè pe orúkọ tirẹ̀. Fàdákà ìbá ti di ti Kúbà.

Mo padà sí ti Sydney tí bàbá mi ń sọ. Mo rí i níbẹ̀ pé ọdún 31 ni Sunday Bada nígbà náà. Ó ti gba góòlù irinwó mítà nínú ìdíje àgbáyé ti inú gbọ̀ngàn ní ọdún 1997. Àgbà eléré ni. Síbẹ̀ ẹni kẹta ló sá, ó sì gbé igi fún Udo-Obong, ọmọ ọdún 18. Àkókò tí wọ́n lò ní ọjọ́ yẹn wà gẹ́gẹ́ bí èyí tó yá jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà fún ogún ọdún gbáko, títí àwọn ará Bọ̀tìsúwánà fi fọ́ ọ ní Tokyo ní ọdún 2021.

Ìtàn náà kò sì parí síbẹ̀. Ní ọdún 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó sáré fún Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà, jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́ pé òun ti lo oògùn tí òfin eré kò fàyè gbà. Wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ gbogbo wọn. Michael Johnson, tó kádìí eré fún wọn, fúnra rẹ̀ sọ pé òun yóò dá tòun padà, nítorí ìṣẹ́gun náà kò mọ́. Ẹ rí i pé nínú rílè, ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan kì í dúró sára ẹnìkan. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé sọ pé Nàìjíríà ló ni góòlù. Mo rántí ọjọ́ tí bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọmọdé ni mí, mo rò pé yóò fò sókè. Ó jókòó, ó ní, "Bada kò dúró gbà á."

Òótọ́ ni. Sunday Bada ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Oṣù méje péré ló kù kí òtítọ́ dé, òtítọ́ kò sì bá a nílé.

Nígbà tí mo ka èyí tán lóru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Mo ti ń sọ fún ara mi fún ọdún mẹ́sàn-án pé lọ́jọ́ kan n óò sọ òtítọ́ fún Tork. Ta ló sọ fún mi pé ọjọ́ kan yẹn yóò bá àwa méjèèjì láyé? Èmi tí mo jẹ́ ẹni kẹta, mo ṣì di igi mú lọ́wọ́ mi láti ọdún 2016.

Ìyá mi kò já okùn ọ̀rẹ́ òun pẹ̀lú Ìyá Elépo rí. Àwọn ìyá gbọ́n jù wá lọ. Òun ló fún mi ní nọ́ńbà. Mo pè é ní ọ̀sán Sátidé. Mo gbọ́ ariwo irin lẹ́yìn rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe ní Ọ̀ffà báyìí. Mo rẹ́rìn-ín nínú, ọkọ̀ aláriwo ló kúkú fẹ́ràn.

"Ta nìyẹn?"

"Nolo ni."

Ariwo irin dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ kí ó tó fọhùn.

"Nolo ti Zaria?"

Mo ní òun ni. Mi ò jẹ́ kí ìkíni gùn, kí ẹ̀rù má baà bà mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí: ariwo àwọn ènìyàn, orúkọ mi lẹ́nu wọn, ìṣísẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Mo ní ẹ̀bi mi ni. Mo ní kí ó má bínú.

"Mẹ́ta ni," Tork dáhùn. "Mo kà á. Ọwọ́ mi wà lẹ́yìn lófìfo, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ọwọ́ mi kọ́ ni wọ́n rí i tí ó ti bọ́?" Ó dákẹ́. "Ìwọ ni mo ń retí kí o sọ ọ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti gba ìwé ìdánwò tó dójú tì mí rí lọ́gbà yìí, kò dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin yìí fi na ọwọ́ sẹ́yìn tí kò wo ẹ̀yìn.

Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó ní oníbàárà òun ń dúró de ọkọ̀ rẹ̀, pé òun yóò pè mí padà. Sọ́ńdè kọjá, Mọ́ńdè kọjá. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bí kò bá pè, ó tọ́ sí mi. Ní alẹ́ Túsìdeè, fóònù dún.

"Nolo," ó ní, "apá karùn-ún fíìmù yẹn, ṣé wọ́n ṣe é?"

Mo ní wọn kò ṣe é. Apá kẹrin ni wọ́n dúró sí, wọ́n fi gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìparí, títí di òní.

"Wọ́n fi wá ṣeré," ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo mọ̀ láti ìgbà tí a ti ń pọn omi. Láti ọjọ́ náà, a ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Kò tíì rí bíi ti àtijọ́, n kò sì ní purọ́ mìíràn fún yín pé ó ti rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu wa kí káàdì tó tán. Ṣùgbọ́n ó ti ń pè mí ní Nolo.

Ní ti rílè ẹgbẹ́ wa, èmi ni mo sá ẹni kẹta. Ẹni kẹrin yára jù mí lọ, bí mo sì ṣe tẹ àmì ni mo gbé igi lé e lọ́wọ́. A ṣe ipò kejì. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi, igi náà kò sì bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kádìí rẹ̀. N kò sọ pé kí a má díje. Bí kò bá sí Tork tó ń borí mi lọ́nà omi, ẹsẹ̀ mi ì bá má yá tó láti lé ọmọ Ilé Pupa bá. Bí kò bá sí èmi, ó lè má ka ìwé kankan. Ẹni tó ń bá wa díje ló ń pọ́n wa bí òkúta ìpọ́nbẹ ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ. Àwa náà níbí ń bá ara wa du máàkì, a ń du ipò nínú ẹgbẹ́, ará Ìbàdàn ń du ti Ìbàdàn, ará Ìjẹ̀bú ń du ti Ìjẹ̀bú, àwa ọmọ Sábó pàápàá ń du kí wọ́n gbà pé Yorùbá ni wá. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo eré tí a jọ ń sá, ibì kan wà tí ogún mítà péré kù, tí ẹnìkejì wa ti na ọwọ́ sẹ́yìn, tí kò wo ẹ̀yìn, nítorí ó gbà pé a wà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni kí ìdíje ti parí.

Bí igi ẹnìkan bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ tí o ń ka èyí, má dúró de ìgbà tí wọn yóò máa pín góòlù. Gbé e fún un lónìí. Ire o.